Ohun Tí Súwíìsì Ute Kọ Sílẹ̀

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ṣì wà láyé, ọ́fíìsì kan náà la sì jọ ń wọ̀ títí di òní. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé mo bọ̀wọ̀ fún un. N kò kàn fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni.

Íńtánẹ́ẹ̀tì là ń tà fún àwọn iléewé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì kéékèèké ní Ọ̀wọ̀ àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, kò sì tóbi. Àwa méjì là ń bójú tó ẹ̀rọ, èmi àti òun. Òun ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣì ń gun òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni àwọn méjèèjì, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan náà ni wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún wọn. Ọmọ Àkókó ni èmi. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀wọ̀ ni bàbá mi ti ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọkùnrin yìí ti ń pè mí ní "ọmọ Àkókó", bí ẹni tí wọn kò sọ lórúkọ. Tí òun àti ọ̀gá bá ní ohun tí wọn kò fẹ́ kí n gbọ́, wọ́n á fi Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń sọ sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sínú èdè Ọ̀wọ̀. Wọ́n gbàgbé pé inú èdè náà ni mo dàgbà sí. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́, n kò sì sọ fún wọn.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kò ju pé ọ̀gá pín iṣẹ́. A ní òpó mẹ́ta tó jìnnà sí ọ́fíìsì, ọ̀kan ní Isuada, ọ̀kan ní Ute, ọ̀kan ní Afo. Lẹ́sẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, yàrá bíríkì kékeré kan wà tó ní ilẹ̀kùn irin. Bátìrì wà nínú rẹ̀, súwíìsì náà sì wà níbẹ̀, àpótí pẹlẹbẹ kan tí gbogbo wáyà wọ̀, tó ń júwe ọ̀nà fún ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde. Tí súwíìsì bá dákẹ́, gbogbo ìlú yẹn ti kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ọkùnrin yìí ló ń bójú tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ wọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó o fún mi, ó ní kí ọkùnrin yìí gbájú mọ́ àárín ìlú.  Ọkùnrin náà kàn wo kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn bá rí aṣọ rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ute fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ọ̀sán ló máa ń kú, tí oòrùn bá mú ganrínganrín. Á lọ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, á sì padà kí n tó gun ọ̀kadà débẹ̀. Tí mo bá ṣí yàrá náà, iná á máa tàn lára súwíìsì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo gba eruku kúrò, mo lé aláǹgbá jáde. Lọ́jọ́ kẹta, á tún kú.

Iléewé kan wà ní Ute tó jẹ́ oníbàárà wa tó tóbi jù níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ wọn ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ láàárín. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ó ti padà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé ti parẹ́, ó di dandan kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá àgbà iléewé náà, obìnrin kan tó ga, tó sì ní ohùn, jáde wá bá mi níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n fi rọ́pò ọkùnrin tó máa ń wá síbí?"

"Ẹ máà bínú, mà. Èmi ni."

"Kí ló dé tí wọ́n fi mú un kúrò? Nígbà tiẹ̀, a kì í rí irú èyí."

"Mà, mo ń wá ìdí ẹ̀—"

"O ń wá ìdí ẹ̀! Látìgbà wo? Wò ó, tí o kò bá mọ iṣẹ́, sọ fún wọn pé o kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ olọ́mọ lò ń fi ṣeré yìí."

Àwọn ọmọ náà dúró, wọ́n ń wò mí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ bẹ obìnrin náà lórí yẹ̀pẹ̀ gbígbóná, nítorí pé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nígbà tí mo dìde, ó ti yí ẹ̀yìn padà.

Nígbà tí mo padà dé Ọ̀wọ̀, kúẹ́rì ti wà lórí tábìlì mi. Ọ̀gá ní kí n kọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fìyà jẹ mí. Àwọn méjèèjì wà nínú yàrá ọ̀gá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, wọ́n sì ti bọ́ sínú èdè Ọ̀wọ̀. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ pé gbogbo ibi tí ọwọ́ ọmọbìnrin yìí bá ti kàn ló ń bàjẹ́, pé òun ti sọ ọ́ ṣáájú, pé kí ọ̀gá dá kọ́kọ́rọ́ òun padà kí àwọn oníbàárà tó sá tán. Ọ̀gá ní òun ń rò ó. Mo jókòó, mo di bírò mú.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àlàyé kò lè gbà mí. Ẹ̀rí ni mo nílò, kò sì sí. Gbogbo súwíìsì ló mọ ọ̀nà láti máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀. Lọ́ọ̀gì là ń pe ìwé ìrántí yẹn. Tí wáyà bá yọ, á kọ ọ́. Tí iná bá fẹ́ lọ, á kọ ọ́. Tí èèyàn bá wọ inú rẹ̀ láti yí nǹkan padà, á kọ orúkọ rẹ̀ àti àsìkò tó wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá kọ sórí ara rẹ̀ lásán, tó bá ti kú tó sì tún tàn, ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí ẹnì kan ti ní kó máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan tí kì í kú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àwọn tiwa kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní kó jẹ́ kí n ṣe é. Ọkùnrin náà wà níbẹ̀.

"Lọ́ọ̀gì?" ó ní. "Ta ló ní àsìkò láti máa ka ìranù? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀, etí ló fi ń gbọ́ ẹ̀rọ."

Ọ̀gá wò mí. "Ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ohunkóhun bá bàjẹ́ nítorí ẹ̀, ọrùn rẹ ló wà."

Mo fa kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo nù ún, mo sọ ọ́ di ibi ìkówèésí. Mo wọ inú súwíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ọ́fíìsì, mo ní kí wọ́n máa ránṣẹ́ síbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé aago wọn ti ya wèrè. Isuada rò pé òru la wà, Ute sì rò pé ọdún tí mo ṣì wà ní iléewé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la wà. Tí aago kò bá bára mu, kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ èyí tó ṣáájú nínú ohun méjì. Mo so gbogbo wọn mọ́ aago kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà ń kọjá lẹ́yìn mi, ó ń fi imú rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe àṣìṣe, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìpele mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ tí súwíìsì lè sọ, láti òdo dé méje. Òdo dà bí ẹni tó ń pariwo pé ilé ń jó. Méje dà bí aláròyé tó ń sọ iye ìgbà tó ṣẹ́jú. Ìbínú ti wọ̀ mí lára, mo fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo wá gbé Isuada sí méje. Súwíìsì Isuada ló ti pẹ́ jù nínú wọn, kò sì lágbára. Ó sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, gbogbo Isuada kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fóònù wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ẹ rí i?" ni ọkùnrin náà pariwo. "Ẹ rí i, ọ̀gá? Àfi ìgbà tó bá pa gbogbo ẹ̀ tán!"

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Isuada, mo pa súwíìsì náà, mo tún un tàn, mo gbé e wá sí mẹ́rin, níbi tí kò ti ní sọ̀rọ̀ àyàfi tí wàhálà bá wà. Nígbà tí mo padà, ọ̀gá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo lè sọ pé bátìrì ni. Ọkùnrin náà pàápàá kò mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́ọ̀gì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mi, agogo mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Èmi ni mo pa á, sà. Mo gbé e sókè ju bó ṣe lágbára lọ."

Ó mí kanlẹ̀. Wọ́n fi kúẹ́rì kejì kún ti àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Ute kú. Mo sáré sí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ute ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó wá padà bí ẹni tó jí lójú oorun. Ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka ojú kọ̀ǹpútà.

"Ìwé ìrántí rẹ náà ti gbàgbé," ó ní, ó sì lọ.

Odidi ọjọ́ kan ni mo fi ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn kí n tó rí ìwà òmùgọ̀ mi. Ẹni tí wọ́n dí ọ̀nà mọ́, báwo ló ṣe máa ránṣẹ́? Ní ìṣẹ́jú tí Ute ń kú, ọ̀nà tí ì bá fi ránṣẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ló ń kú yẹn. Bí ó bá sì ti tún ara rẹ̀ tàn, ó ti gbàgbé. Mo tún wọ inú rẹ̀. Mo ní kó máa kọ ẹ̀dà kan sínú àpò tirẹ̀ tí kì í parẹ́ bí iná tilẹ̀ lọ. Ó lágbára ju ti Isuada lọ, nítorí náà mo gbé e sí mẹ́fà, kó lè máa kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé àti àṣẹ tó bá pa. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Afo náà. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wà ní Afo láti ṣàyẹ̀wò súwíìsì ibẹ̀. Mo jókòó sórí garawa nínú yàrá náà, mo fi wáyà so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ọn. Fóònù mi dún. Ute ti kú. Mo dúró títí ó fi padà, mo wá ka àpò rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú méje. Ẹnì kan wọlé. Ó pàṣẹ pé kí súwíìsì tún ara rẹ̀ tàn lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ó ti ọ̀nà tó wá sí Ọ̀wọ̀, láìfi àṣẹ náà pamọ́. Nígbà tí súwíìsì fi máa tún tàn, yóò ti gbàgbé pé wọ́n ti ọ̀nà náà, á sì ṣí i fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́.

Mo wá wo orúkọ tó wà níwájú àṣẹ náà. Orúkọ mi ni.

 Mo kọ́kọ́ rò pé orí mi ló ń dàrú. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ọkùnrin yẹn ló ṣí orúkọ tí mo fi ń wọ súwíìsì fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun ló fún mi ní ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń ṣí i, n kò sì yí i padà rí. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà á. Mo wo ìlà náà lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń mọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi wọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni, èyí tó máa ń wà lórí tábìlì rẹ̀.

N kò sùn dáadáa lóru yẹn, kì í sì í ṣe ẹ̀rù. Ìkórìíra ni. Mo rántí yẹ̀pẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ lé ní Ute.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ní kí ọ̀gá pè wá méjèèjì. Mo tẹ ìwé méjì jáde, mo gbé ọ̀kan síwájú rẹ̀.

"Kí ni mò ń wò?" ọ̀gá ní.

"Ẹ wo ìlà tí mo fa igi sábẹ́ ẹ̀, sà. Lánàá, ní agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú méje, ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ti ọ̀nà Ute."

"Orúkọ ta nìyí?"

"Orúkọ mi ni, sà."

Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. "Ó ti jẹ́wọ́! Ọlọ́run kì í sùn. Ọ̀gá, kí ni mo sọ fún yín?"

"Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà yín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n," mo ní.

"Á jẹ́ pé o lo kọ̀ǹpútà mi nígbà tí n kò sí ní ọ́fíìsì. Olè sì tún ni ọ́?"

Mo gbé ìwé kejì sílẹ̀. "Lọ́ọ̀gì Afo nìyí, sà. Mo wọ súwíìsì Afo ní agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wáyà ni mo fi so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ọn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni náà wà nínú yàrá. N kò jáde títí di agogo mẹ́ta. Aago kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Ẹ sọ fún mi bí mo ṣe wà ní Afo tí mo sì tún wà lórí tábìlì wọn ní Ọ̀wọ̀."

Ọ̀gá ka ìwé àkọ́kọ́, ó ka èkejì, ó tún padà sí àkọ́kọ́. 

Ọkùnrin náà ní, "Ó lè fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́. Ìwé lásán ni."

"Tí mo bá fẹ́ fọwọ́ kọ ọ́," mo ní, "ṣé n kò ní yọ Isuada kúrò níbẹ̀? Ó kọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà."

Ó wá bọ́ sínú èdè Ọ̀wọ̀. Ó yíjú sí ọ̀gá, ó ní kó má jẹ́ kí àjèjì wọ àárín àwọn, pé òun kàn fẹ́ kó rí i pé ọmọ náà kò lè ṣe é ni. Ó sọ ọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó dá a lójú pé n kò gbọ́. Èdè Ọ̀wọ̀ yẹn náà ni mo fi dá a lóhùn. N kò lo "ẹ̀yin" mọ́.

"Ìwọ lo ṣe é," mo ní fún un. "Ìwọ náà lo sì fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ báyìí."

 Ọ̀gá ló kọ́kọ́ dìde.

"Ta lò ń pè ní ìwọ? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni? Ẹni tó bí ọmọ tó ju ọ́ lọ?"

Mo wò ó. Ẹni tó pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníbàárà rẹ̀ tó sì fi orúkọ mi pa á wà níwájú rẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, "ìwọ" tí mo sọ ló dùn ún jù.

"Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́," ọ̀gá ní.

"N kò ní kúnlẹ̀, sà."

"Mo ní kí o kúnlẹ̀!"

"Mo ti kúnlẹ̀ ní Ute nítorí ohun tó ṣe. Ẹ kọ kúẹ́rì kẹta, sà. Mo máa fèsì ẹ̀."

Mo jáde. Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, inú oòrùn.

Wọn kò kọ kúẹ́rì náà. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, ọ̀gá wá bá mi níbẹ̀. Ó ní òun ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Òpó ni yóò máa gùn, kò ní fọwọ́ kan súwíìsì mọ́. Ó ní kí n pa àwọn lọ́ọ̀gì ọjọ́ náà rẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dé ìgboro, pé bí àbúrò òun ló jẹ́. Mo ní n kò ní pa á rẹ́. Ó yọ jìgí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọlé. Kò dárúkọ lọ́ọ̀gì náà sí mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sí iléewé Ute. Mo rò pé ó yẹ kí obìnrin yẹn mọ òótọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹnì kan nínú wa ló mọ̀ọ́mọ̀ ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, pé kì í ṣe èmi, pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ń fi bírò kan tábìlì.

"Kí ló kàn mí nínú ìjà yín?" ó ní. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo béèrè lọ́wọ́ yín, n kò ní kí ẹ wá rojọ́ fún mi. Ẹ máa lọ."

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n yọ wáyà wa kúrò, wọ́n lọ bá ilé-iṣẹ́ mìíràn. Èmi náà ni wọ́n rán lọ kó ẹ̀rọ wa jáde.

Ute kò kú lójijì bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Tí wáyà bá ń bàjẹ́ tàbí tí bátìrì bá ń rẹ̀, mo máa ń rí i nínú lọ́ọ̀gì lówùúrọ̀ kí oníbàárà tó mọ̀. Ọ̀gá ti ń fi í yangàn fún àwọn èèyàn, ó ń sọ pé ilé-iṣẹ́ òun ń gbọ́ àìsàn ẹ̀rọ kó tó dá a gúnlẹ̀. Kò sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Èmi àti ọkùnrin náà kò kí ara wa fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ní ọ́fíìsì tí tábìlì wa kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin síra, à ń kọjá lára ara wa bí ẹni tó ń kọjá lára ògiri. Ìyá mi gbọ́, ó ní kí n fi ṣe ti Ọlọ́run, kí n kọ́kọ́ kí i, pé ọkùnrin náà ló dàgbà jù mí lọ. Mo ní mo gbọ́, mà. N kò kí i.

Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin náà wá dúró síwájú tábìlì mi. Ó ní òun ń lọ gun òpó Isuada, ó fẹ́ mọ wáyà tó ń yọ. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Orí rẹ̀ ti funfun ju ti tẹ́lẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n fa àga fún un, kí n yí kọ̀ǹpútà sí i kó fojú ara rẹ̀ rí i.

N kò yí kọ̀ǹpútà náà. Mo ka ìlà náà sókè fún un bó ṣe wà, wákàtí, ìṣẹ́jú, nọ́ńbà wáyà. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó ní "O ṣé", ó gbé okùn ìgunpó rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.